Ohun Tí Ọdẹ Ò Sọ

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni kí n máa tún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ṣe. Sẹkitéríàtì ìjọba ní Adó-Èkìtì ni mo wà, èmi ni mo máa ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Tí ọ̀gá kan bá fi ìbínú gbá tábìlì, tó ní òmùgọ̀ ló ṣe ètò tí wọ́n gbé síwájú òun, èmi á kọ ọ́ pé ọ̀gá náà sọ pé ètò náà nílò àtúnyẹ̀wò. Kò sẹ́ni tó bá mi jà lórí ẹ̀ rí. Àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ náà gan-an máa ń kà á, wọ́n á mi orí, wọ́n á buwọ́ lù ú. Mo ti ṣe é pẹ́ débi pé mi ò tilẹ̀ mọ ìgbà tí mo bá ń ṣe é mọ́.

Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé mo ní èrò burúkú kan lọ́kàn nígbà tí ọ̀rọ̀ èmi àti ìyá mi bẹ̀rẹ̀.

Àgbẹ̀ onírẹsì ni ìyá mi, ní Ìgbẹmọ. Ó ń gbin ìrẹsì, ó ń bọ̀ ọ́, ó sì ń kó o wá tà ní Ọjà Ọba, títí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ojú òsì ti lọ kí a tó mọ̀ pé ohun kan ń ṣe é. Kò sọ fún ẹnì kankan, ó ní òun rò pé ara àgbà ni. Ojú ọ̀tún ló kù, ohun funfun kan sì ti bo ẹyin rẹ̀ débi pé ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ló ń mọ̀ yàtọ̀, àti òjìji ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo lọ mú un wá sílé mi ní Adó. Tí ẹ bá rí i pé mò ń pe ìyá mi ní “ó” nínú ìwé yìí, ẹ má bínú. Lẹ́nu, “ẹ” ni mo ń bá a sọ, àmọ́ nínú ìwé, “wọ́n” á dàrú mọ́ àwọn èèyàn inú igbó tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Èkìtì ni òun náà ń sọ, èmi ni mo sọ ọ́ di ti gbogbo ayé níbí, àfi ibi tí ọwọ́ mi ò ká.

Dókítà tó yẹ ojú rẹ̀ wò kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, ìyá mi ò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kọjá ti ọjà. Ó mọ Yorùbá kà dáadáa, ìwé àdúrà rẹ̀ ti gbó tán lọ́wọ́ rẹ̀ kí ojú tó dùn ún, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì, rárá. Èmi ni mo ṣe ògbufọ̀. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni ojú ọ̀tún ń fẹ́. Ó ní tí a bá ṣe é, ojú náà lè ríran, ó sì lè má ríran, nítorí àrùn tó mú ti òsì lọ ti ń fọwọ́ kan ti ọ̀tún náà. Tí a kò bá ṣe é, kò ní pẹ́ tí yóò fi lọ pátápátá. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe sọ ọ́ fún ìyá mi. Ó ní òun gbọ́, òun á rò ó. Obìnrin kan ládùúgbò rẹ̀ ní Ìgbẹmọ ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ rí, ọ̀pá ló fi rìn padà wálé. Dókítà ní kó má rò ó pẹ́ jù.

Ó sì rò ó pẹ́. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá bá a níbi tí mo fi í sí láàárọ̀, lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, pẹ̀lú atẹ ìrẹsì lórí itan. Wọ́n máa ń fi ìrẹsì ránṣẹ́ sí i láti ilé, òun ló sì ń ṣa òkúta inú rẹ̀. Mo ní kó fi í sílẹ̀, pé màá ra èyí tó ti mọ́ lọ́jà. Ó ní ìka òun ò fọ́. Rédíò ti sú u, ó ní ohùn kan náà ni gbogbo wọn ní. Ọ̀rọ̀ wá dín kù lẹ́nu rẹ̀. Tí mo bá gbé oúnjẹ fún un, á jẹ. Tí mo bá ní kó lọ sùn, á lọ sùn. Èyí dẹ́rù bà mí ju àìríran náà lọ, nítorí obìnrin tí mo mọ̀ kì í gba àṣẹ lẹ́nu ọmọ.

Èmi ní tèmi, mo máa ń gbá géèmù. Mi ò sọ fún wọn ní ọ́fíìsì, nítorí ẹ̀sín obìnrin tó ti ń hu ewú kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn wa. Kì í ṣe géèmù bọ́ọ̀lù. Ìlú olódi kan ló wà nínú rẹ̀, igbó ńlá yí i ká, àwọn ẹranko abàmì ń gbé inú igbó náà. Àwa tí à ń gbá a wà káàkiri, kálukú lórí fóònù tirẹ̀, kálukú pẹ̀lú ẹ̀dá tó ń lò: jagunjagun, oníṣègùn, ọdẹ. A máa ń kó ara wa jọ lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́ wọ igbó, a ó sì máa kọ ọ̀rọ̀ síra wa bí a ṣe ń lọ. Nínú ẹgbẹ́ tèmi, ọmọ Èkìtì ló pọ̀ jù. Oníṣègùn ni mí. Tí wọ́n bá ṣe ẹnì kan léṣe, èmi ni mò ń wò ó sàn.

Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé ẹni tó kọ́ ìlú náà ṣe wàhálà. Agogo kan wà tó máa ń dún láfẹ̀mọ́júmọ́. Ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè máa ń kí èèyàn kíkí tó gùn, ó máa ń béèrè ilé, ó máa ń béèrè ọ̀nà. Odò ibẹ̀ ní orúkọ, wọ́n sì ní ìtàn tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Èèyàn lè jókòó síbẹ̀ kó gbàgbé pé òun ní fáìlì tí òun ò tíì parí. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹgbẹ́ mi á wá la ẹnu. Mo rántí ọjọ́ tí a wọ inú ihò àpáta kan, ìkùukùu bo ilẹ̀, ọba arúgbó kan dùbúlẹ̀ lórí òkúta, ó ń fi ohùn tó ti ń lọ sọ ibi tí wọ́n ri adé mọ́ fún wa. Ẹnì kan kọ ọ́ pé, “Abeg, skip,” ìyẹn ni pé ká fo ọ̀rọ̀ ọba náà. Òmíràn ní lag ń yọ òun lẹ́nu, ìyẹn ni pé nẹ́tíwọ̀kì falẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀dá òun ò gbéra. Ẹ̀kẹta ní òun AFK, pé òun ò sí nídìí fóònù, òun fẹ́ lọ pa iná gáàsì. Odò olórúkọ yẹn, spawn point ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ibi tí àwọn ẹranko ti ń jáde. Ó máa ń rí lára mi bíi kí ẹnì kan tan gílóòbù sí yàrá tí oorun ti ń gbé mi lọ. Inú á bí mi, màá pòṣé.

Òṣé yẹn ni ìyá mi gbọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó bi mí pé ta ló ṣẹ̀ mí. Mo sọ fún un. Ó ní kí n sọ ọ́ dáadáa kí òun gbọ́, irú ìlú wo ni, kí ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti bi mí ní ìbéèrè méjì tẹ̀lé ara wọn bẹ́ẹ̀. Mo sún àga mi mọ́ tirẹ̀, mo sì ń sọ ohun tí mò ń rí, mo ń ka ohun tí wọ́n ń kọ. Ó bi mí bóyá ilẹ̀ àbàtà tó wà lẹ́yìn odi ìlú náà á gba ìrẹsì. Mo ní ó jọ pé á gbà á. Ó ní kí ló dé tí wọn ò gbin nǹkan kan síbẹ̀, pé ọ̀lẹ ni wọ́n.

Ẹni tó wù ú jù nírọ̀lẹ́ yẹn ni obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nubodè, tó máa ń kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá. Mo dúró kí n lè ka ìkíni rẹ̀. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ kọ ọ́ sí mi pé, “Fi í sílẹ̀ jàre, NPC ni.” Mo kà á bẹ́ẹ̀.

“Kí ni ìyẹn?” ìyá mi bi mí.

Mo ṣàlàyé fún un pé kò sí èèyàn kankan lẹ́yìn obìnrin náà, pé ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ìrẹsì. “Kò sí ọni nínú rẹ̀, ó sì ń kí ọni?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bo atẹ rẹ̀, ó fọwọ́ wá ìlẹ̀kẹ̀ rosary rẹ̀ lọ́rùn, ó sì wọlé lọ gbàdúrà kí àkókò àdúrà tó tó. Lọ́jọ́ kejì kò bi mí nípa ìlú náà, ọjọ́ kẹta bẹ́ẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, kò ní kí n kà á, èmi ni mo fúnra mi gbé e kalẹ̀, mo sì ń tún un ṣe bí mo ṣe ń kà á lọ. Ẹni tó bá ní lag, màá ní ẹrẹ̀ mú un lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá AFK, màá ní ó jókòó sídìí igi, oorun ń kùn ún. Wọ́n máa ń pe ẹni tó ń dúró níwájú gba ìyà ní tank, èmi sọ ọ́ di Akọgun. Tí ẹnì kan bá kú, tó sì tún jáde láàyè lẹ́nubodè bí wọ́n ṣe ṣe géèmù náà, màá ní wọ́n fi àga gbé e padà sílé, ara rẹ̀ sì ti ń yá. Kò nira. Ìpàdé ni mo kà á sí. Ṣebí nílé wa náà ni wọ́n ti ń pe ejò ní okùn tí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí ọkàn ọmọdé má bàa fò.

Ìyá mi sọjí. Kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń dúró dè mí tí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó ń bi mí bóyá ara Akọgun ti yá, ó ń bú àwọn tó ń sùn sídìí igi. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀. Mo láyọ̀, mi ò sì ronú síwájú ibẹ̀.

Nínú gbogbo ẹgbẹ́ náà, ọdẹ wa ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ burú jù. Ọkùnrin náà kì í kọ gbólóhùn kan kó parí. Ọ̀rọ̀ géèmù ló kún ẹnu rẹ̀ fọ́fọ́, pull lónìí, buff lọ́la, cooldown ní gbogbo ìgbà, ìyẹn ni pé ó ti lo agbára rẹ̀ tán, ó ń dúró kó padà wá. Nítorí pé tirẹ̀ burú jù, òun ni mo ṣiṣẹ́ lé lórí jù. Mo fún un ní ẹnu àgbà, ọ̀rọ̀ díẹ̀, tó gbẹ, tó sì lójú. Kò pẹ́ tí òun fi di ààyò ìyá mi. Ó ní ọ̀rọ̀ ọdẹ yìí jọ ti àwọn àgbà ulé àwọn.

Ọjọ́ kan, ìkookò ká wa mọ́ inú igbó. Ẹ̀rù bà mí, èmi oníṣègùn, mo sá. Ọdẹ kọ ọ́ pé, “Healer ti sá, cooldown ṣì kù, a máa wipe.” Mo gbé fóònù dání, mo wo ojú ìyá mi tó ń dúró, mo sì kà á báyìí pé, “Ọdẹ ní kí wọ́n má sá. Ó ní ẹni tó bá sá fún igbó, igbó á sá tẹ̀ lé e. Ó ní kí wọ́n dúró, kí wọ́n rí ohun tó ń bọ̀.” Ìyá mi ní kí n tún un kà. Mo tún un kà, mo rí i pé mo rántí rẹ̀ ní gbólóhùn sí gbólóhùn. Ó bi mí bó ṣe parí. Mo ní wọ́n dúró títí ilẹ̀ fi mọ́, àwọn ìkookò sì tú ká.

Kò tíì tó ọ̀sẹ̀ kan sígbà náà tó sọ fún mi, bí a ṣe ń jẹun, pé òun á ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Mo bi í ohun tó yí i lọ́kàn padà. Ó ní òun ti ro ọ̀rọ̀ ọdẹ yẹn dáadáa, sísá ò sí nínú rẹ̀, kí òun dúró kí òun rí ohun tó ń bọ̀. Mo wo àwo oúnjẹ mi. Ohun tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ fún láti ọjọ́ yìí ló gbà yẹn, mi ò sì rí ìdí tí mo fi máa bi í bó ṣe rìn tó fi débẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá dókítà, wọ́n fún wa ní ọjọ́.

Ìyá mi ní ohun kan péré ló kù. Mo ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ọmọ Ìgbẹmọ ni ọdẹ náà, nítorí ìyẹn jẹ́ òótọ́, ó sì dùn mọ́ mi láti ní òótọ́ kan tí mo lè fi kún un. Ó ní òun ò ní wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láìfojú kan ọmọ ìlú òun tó gba òun nímọ̀ràn. Mo ní ọwọ́ rẹ̀ máa ń dí. Ó ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo ní a lè pè é lórí fóònù. Ó ní ojú lọ̀rọ̀ wà, mo ní mo gbọ́.

Mo kọ̀wé sí ọkùnrin náà. Òṣìṣẹ́ báńkì ni, Adó ló ń gbé, kò jìnnà sí wa rárá. Mo sọ fún un pé ìyá mi fẹ́ràn rẹ̀, pé ara rẹ̀ ò le, kó jọ̀wọ́, tó bá dé, kó má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi àwòrán àtàǹpàkò dáhùn. Mo gbà pé ó yé e.

Ọ̀sán Sátidé ló wá. Èèyàn tó dáa ni, ó wọ aṣọ tó mọ́, òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀. Ìyá mi na ọwọ́, ó fi gbá èjìká rẹ̀ mú, ó béèrè ilé, ó béèrè àdúgbò, ó béèrè ìyá tó bí ìyá rẹ̀. Wọ́n rí i pé ìyá àgbà rẹ̀ àti ìyá mi jọ máa ń gbé ìrẹsì lọ sọ́jà nínú ọkọ̀ kan náà. Mo gbé oúnjẹ wá. Ọkàn mi ti ń balẹ̀ nígbà tí ìyá mi yí ojú sí apá ibi tí ohùn rẹ̀ ti ń wá.

“Ọ̀rọ̀ tí o sọ lọ́jọ́ ìkookò,” ó ní, “tún un sọ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ.”

Ọkùnrin náà wò mí. Mo ṣẹ́jú sí i, mo mi orí sí i, mo ṣe gbogbo ohun tí èèyàn lè fi ojú ṣe. Ìyá mi ò rí i, ṣùgbọ́n ó gbọ́ bí yàrá náà ṣe dákẹ́.

“Ọ̀rọ̀ wo, Yèyé?”

“Pé ẹni tó bá sá fún igbó, igbó á sá tẹ̀ lé e.”

“Yèyé, mi ò sọ bẹ́ẹ̀.” Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìwà burúkú kankan. “Ohun tí mo kọ ni pé healer ti sá, pé a máa wipe.”

“Kí ni wipe?”

“Pé gbogbo wa máa kú, Yèyé. Gbogbo wa náà la sì kú.”

Ìyá mi ní kí ọkùnrin náà wo fóònù rẹ̀, kó ka ohun tí wọ́n ti ń sọ láti ẹ̀yìn wá, kó kà á bó ṣe wà. Ó kà á. Ó ka lag, ó ka AFK, ó ka tank. Tó bá dé ibi tí kò yé e, ìyá mi á dá a dúró, òun náà á ṣàlàyé, kò tijú, kò sì fi nǹkan kan bò. Nígbà tó ṣàlàyé ti ẹni tó kú tó tún jáde lẹ́nubodè, tó sì ń sáré padà wá síbi tí ẹranko kan náà ti pa á, ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Mo ti ń kàwé fún un láti ọjọ́ yìí, kò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Inú mi bàjẹ́ níbi tí mo jókòó sí, kì í ṣe nítorí pé àṣírí tú nìkan.

Nígbà tí àlejò lọ tán, ó ní kí n wá jókòó.

“Ohun tí dókítà sọ nípa ojú mi,” ó ní, “ùwọ lo sọ ọ́ fún mi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Ṣé bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn?”

“Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn.”

“Bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe ní ọdẹ sọ tirẹ̀.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní géèmù lásán ni èyí, ti dókítà kì í ṣe eré. Mo rán an létí ọjọ́ NPC, bó ṣe bo atẹ rẹ̀ tó sì wọlé lọ. Mo ní mi ò fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ tún wó lulẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Mo wá sọ èyí tí mo rò pé ó lágbára jù: mo ní òun náà ló kọ́ wa láti máa pe ejò ní okùn tí ilẹ̀ bá ṣú.

“Òótọ́ ni,” ó ní. “Àmọ́ gbogbo ọni tó wà nínú ulé ló mọ̀ pé ejò ni.”

Kò pariwo, kò sì bú mi. Ó ní kí n bá òun sọ fún dókítà pé òun ò wá mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo tún gbogbo ohun tí dókítà sọ kà fún un, èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó ní bóyá urọ́ ni, bóyá òótọ́ ni, òun ò ní ohun tí òun fi máa mọ̀ ọ́n mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n fún wa kọjá. Wọ́n pè mí láti ọsibítù, mo ní ara rẹ̀ ò yá. Nọ́ọ̀sì tó pè mí ní kí n ṣọ́ra, pé ojú kì í dúró de èèyàn.

Mo gbìyànjú láti mú ẹlòmíràn wá tó lè bá a sọ̀rọ̀. Ó kọ̀ wọ́n, ó ní èmi ni mo mú wọn wá. Òjìji ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò rí i mọ́ dáadáa. Mo mọ̀ nítorí pé mo dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mi ò sọ̀rọ̀, kò sì yí ojú sí mi. Ẹ̀rù bà mí, mo lọ sí ilé ìdáná, mo sunkún díẹ̀, mo sì jáde.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ó pè mí. Ó ní, “Ọdẹ yẹn, wí fún un kó wá. Òun ló máa bá mi lọ. Òun ló máa gbọ́ ohun tí dókítà fẹ́ sọ, kó wá sọ ọ́ fún mi.”

Mo ní, “Èmi ńkọ́?”

“Ùwọ wa ọkọ̀,” ó ní.

Mo wa ọkọ̀. Ọkùnrin náà gba ààyè níbi iṣẹ́, ó wá pẹ̀lú táì lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ ìyá mi, ó dìde, ó di apá ọkùnrin náà mú. Mo tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ilẹ̀kùn. Láì yíjú padà, ó ní kí n dúró síta. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn tó fi bándéèjì bo ojú. Ó dùn mí gan-an. Ọmọ rẹ̀ ni mí, mo kàwé, ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi, ẹlòmíràn ló sì wà nínú ilé ń sọ fún un bí ojú rẹ̀ ṣe máa rí. Ohùn dókítà ń dún wá sí mi díẹ̀díẹ̀, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo gbọ́ tí ìyá mi béèrè nǹkan, mo gbọ́ tí ọdẹ dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ ò sì yí padà.

Wọ́n jáde. Ìyá mi dúró níwájú mi, ojú rẹ̀ kọjá orí mi díẹ̀.

“Ohun tí ùwọ sọ náà ló sọ,” ó ní. “Ó lè là, ó lè má là, tí a kò bá sì ṣe é, ó ti lọ. Kò fi ọ̀kankan kún un.”

Mo ní, “Mo sọ fún yín.”

“O sọ fún mi,” ó ní. Ó ti gbà pé kí wọ́n ṣe é.

Wọ́n ṣe é, ó sì là. Kò là tán, ẹ̀gbẹ́ kan ṣì dúdú, ó sì ní láti máa kán oògùn sí i títí ayé, ṣùgbọ́n pẹ̀lú gíláàsì, ó ń ríran débi pé ó padà sí ìwé àdúrà rẹ̀. Mo dúpẹ́, mo ṣì ń dúpẹ́. Ó bi mí bóyá ìlú inú fóònù náà ṣì wà. Mo fi hàn án. Ó wò ó, ó ní ó kéré ju bí òun ṣe rò ó lọ, ó sì dá fóònù padà fún mi.

Ó ti padà sí Ìgbẹmọ báyìí, mo máa ń lọ wò ó lópin ọ̀sẹ̀. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù mi. Yorùbá ló fi kọ ọ́, ó ń kí ìyá wa, ó ní òun ò ní lè wálé lọ́dún yìí bí òun ṣe ṣèlérí. Mo jókòó ti ìyá mi, mo sì kà á fún un, gbogbo rẹ̀, mi ò yọ ẹyọ kan kúrò. Ó gbọ́ ọ títí mo fi parí. Lẹ́yìn náà ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí mi.

“Gbé e wá,” ó ní, “kí n rí i.”